Wọ́n Fagi Lé Èdè Abínibí Níléèwé: Èwo Ni Ti Ọmọ Ògù Nínú Rẹ̀?

Láti Oṣù Kọkànlá ọdún 2025 tí Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, Tunji Alausa, ti kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọdé níléèwé, àríyànjiyàn kò tíì tán lórí rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń sọ Yorùbá ń bi ara wa ni pé kí ni yóò gbẹ̀yìn èdè wa. Ṣùgbọ́n ní ìhà ìwọ̀ oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkó, láti Àgbádárìgì títí dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, àwọn kan wà tí ìbéèrè tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Àwọn ni Ògù, àwọn tí àwa ń pè ní Ègùn. Nígbà tí wọ́n ń pariwo pé èdè abínibí ti wọ kíláàsì, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ọmọ wọn bá níbẹ̀. Ní báyìí tí wọ́n ní kó jáde, ó ṣòro fún wọn láti mọ ohun tí wọ́n pàdánù gan-an.

Ẹni tó bá fẹ́ lóye ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ó yẹ kó wò ó láti Àgbádárìgì.

Kí ni ìjọba fagi lé gan-an?

Ọjọ́ 30, Oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí Ìlànà Èdè Orílẹ̀-èdè, nígbà tí Adamu Adamu jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Ìlànà náà ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ìparí kíláàsì kẹfà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun pátápátá. Láti 1977 ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti ní kí wọ́n fi èdè abínibí, tàbí èdè àdúgbò tí ọmọ ń gbé, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ ní kíláàsì àkọ́kọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba ipò. Ti 2022 kàn na ọwọ́ rẹ̀ síwájú dé kíláàsì kẹfà ni.

Ìpàdé kọkàndínláàádọ́rin irú rẹ̀ tí Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́ ṣe ní Àkúrẹ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ni wọ́n ti fagi lé e. Mínísítà wá kéde rẹ̀ ní Abuja lọ́jọ́ 12 oṣù náà. Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ìdí tó sọ ni pé ní àwọn ẹkùn tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù lọ, àwọn ọmọ ń já kulẹ̀ lọ́pọ̀ nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Ibì kan wà níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣì í gbọ́. Èdè tí olùkọ́ fi ń ṣàlàyé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ni ìpinnu yìí kàn. Èdè tí wọ́n ń kọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù, bí ìgbà tí ọmọ bá jókòó sí kíláàsì Yorùbá fún ogójì ìṣẹ́jú, kì í ṣe ohun tí wọ́n pa rẹ́. Àwọn tó ń sọ pé wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé Yorùbá níléèwé ń pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Ta ni àwọn Ògù? Ṣé Yorùbá kọ́ ni wọ́n?

Rárá o. Èdè wọn kì í ṣe ẹ̀ka-èdè Yorùbá bí Ìjẹ̀bú tàbí Àwórì ṣe jẹ́. Ara ìdílé èdè tí wọ́n ń pè ní Gbè ló wà, pẹ̀lú Fọ̀n ti Àbọ̀mẹ̀, Ajá, àti Ewe ti Togo òun Ghana. Hounkpati Capo, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ èdè tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìlọrin, ló mú kí orúkọ "Gbè" yẹn di èyí tí àwọn onímọ̀ ń lò káàkiri, nítorí pé èdè kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé náà ló ń pe èdè ní gbè.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jìnnà sí tiwa. Omi ni osin. Iná ni miyọ́n. Ọmọ ni ovi, bàbá ni otọ́, ìyá ni onọ̀, ọba ni ahọlu, ọjà ni ahi. Yorùbá tí kò gbé láàrin wọn rí kò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Síbẹ̀, a ti ń bá ara wa gbé ó ti pẹ́. Ifá tiwa ni Fá tiwọn, Ẹlẹ́gbára ni Lẹgba, Ògún ni Gu. Sàngbétò tó ń ṣọ́ ìlú lóru, tó ń yí bí òkìtì koríko láàrin ìgboro, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Zangbeto ni wọ́n ń pè é lẹ́nu wọn, òru sì ni zan tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà túmọ̀ sí. Ẹni tó bá sì ń bá Senami tàbí Mautin ṣọ̀rẹ́ ní Èkó, orúkọ Ògù ló ń pè lójoojúmọ́: Mautin túmọ̀ sí pé Ọlọ́run ń bẹ.

Ilé wọn ní Nàìjíríà ni Àgbádárìgì àti àwọn abúlé etí ọ̀sà tó yí i ká, títí dé agbègbè Ìpókíá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. (Ògùn ìpínlẹ̀ àti Ògù ẹ̀yà kò bá ara wọn tan.) Adúgbò mẹ́jọ ló wà ní Àgbádárìgì láti ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ wọn sì ṣì ń jẹ́rìí sí ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó: Ahovikoh, Boekoh, Jegba, Posukoh, Awhanjigoh, Asago, Whalakoh àti Ganho. Ní ilẹ̀ Benin, Àjàṣẹ́ ni olú ìlú wọn, èyí tí Faransé ń pè ní Porto-Novo tí àwọn fúnra wọn ń pè ní Hogbonu.

Ègùn, Ògù, Gun, Gungbe: èwo ló tọ̀nà?

Ẹni kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń tọ́ka sí. Ègùn ni Yorùbá ń pè wọ́n. Gun ló wọ́pọ̀ ní Benin àti nínú ìwé àwọn onímọ̀ èdè, Gungbe sì ni èdè náà. Ògù ni àwọn tó wà ní Nàìjíríà fẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn. Ìdí tí wọ́n fi ń ta ko Ègùn ni pé lẹ́nu àwọn kan ní Èkó, orúkọ náà máa ń jáde bí èébú, bí ẹni ń tọ́ka sí alágbàṣe tàbí ará odò tí kò lójú. Nínú àlàyé yìí, Ògù ni mo ń lò nítorí pé orúkọ tí èèyàn fún ara rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi pè é.

Báwo ni wọ́n ṣe di ọmọ orílẹ̀-èdè méjì?

Àdéhùn tí Bìrìtìkó àti Faransé fọwọ́ sí lọ́jọ́ 10, Oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ló la ilẹ̀ náà sí méjì. Àgbádárìgì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, Àjàṣẹ́ sì bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jọ ń lọ sí ọjà kan náà wá ń kàwé ní èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ní apá kan kì í sábà wúlò fún iléèwé apá kejì.

Kò sì sí ẹni tó lè sọ iye wọn ní Nàìjíríà lónìí. Ètò ìkànìyàn 1991 àti ti 2006 kò béèrè ẹ̀yà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, nígbàkigbà tí wọ́n bá béèrè olùkọ́ tàbí ìwé, tí ìjọba sì dáhùn pé "ẹ mélòó ni yín?", wọn kò ní àkọsílẹ̀ kankan tí wọ́n lè gbé kalẹ̀.

Kí ló dé tí èdè wọn kò fi wọ kíláàsì nígbà tí èdè abínibí wà níbẹ̀?

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ fi orí tì sí.

Ẹ padà wo ìlànà yẹn: "èdè abínibí, tàbí èdè àdúgbò tí ọmọ ń gbé." Ọ̀rọ̀ kékeré tó wà láàrin, "tàbí", ló ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Níbi tí èdè abínibí ọmọ kò bá ní ìwé, tí kò ní olùkọ́, èdè tó gbilẹ̀ jù ládùúgbò ni wọn yóò lò. Ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó, Yorùbá nìyẹn. Ìlànà 1977 kan náà tún ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ̀kan nínú Hausa, Ìgbò àti Yorùbá. Ọmọ tí èdè rẹ̀ kò sí nínú mẹ́ta yẹn ní láti kọ́ tirẹ̀ nílé bó bá ráyè.

Ní Oṣù Kejì ọdún 2018, Gómìnà Akinwunmi Ambode fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo èdè Yorùbá ní Èkó. Òfin náà sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ Yorùbá. Inú àwọn olólùfẹ́ èdè wa dùn, ó sì yẹ kó dùn, nítorí iléèwé aládàáni tó ń na ọmọ pé ó sọ Yorùbá pọ̀ ju èyí tí a lè kà lọ. Àmọ́ òfin kan náà tó gba ọmọ Ìkẹjà sílẹ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló tún fi Yorùbá lé ọmọ Ògù lórí, láì sọ ohun tí iléèwé yóò ṣe sí èdè tó ti ilé wá.

Ẹ fojú inú wo ọmọ ọdún mẹ́fà kan ní abúlé etí ọ̀sà. Osin ni ìyá rẹ̀ ń pe omi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó dé iléèwé, olùkọ́ ya ìkòkò kan sójú bọ́ọ̀dù, ó fi ṣọ́ọ̀kì bù lu omi inú rẹ̀, ó kọ "omi" sábẹ́ rẹ̀, ó ní kí gbogbo kíláàsì pè é. Ọmọ náà mọ ohun tó wà nínú ìkòkò. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni kò yé e. Òun náà bá wọn pariwo "omi", ó ń wo ẹnu ẹni tó jókòó tì í. Nígbà tí ó bá máa fi kọ́ Yorùbá náà débi tó lè fi béèrè ìbéèrè, olùkọ́ ti ń múra láti bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, omi sì ti di "water". Èdè mẹ́ta ló ti là kọjá kó tó mọ ìwé kà, èyí tó gbọ́ jù lọ nínú wọn kò sì dé ojú bọ́ọ̀dù rí.

Ìdánwò náà ń kó tirẹ̀ kún un. JAMB ń ṣe ìdánwò Hausa, Ìgbò àti Yorùbá. WAEC fi Efik, Edo àti Ibibio kún ti tirẹ̀. Ògù kò sí nínú méjèèjì. Bí kò bá sì sí ìdánwò, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní forúkọ sílẹ̀. Bí kò bá sí akẹ́kọ̀ọ́, olùtẹ̀wé kò ní náwó sí ìwé. Bí kò bá sí ìwé, ìjọba á ní èdè náà kò tíì tó kọ́.

Ṣé Ògù kò ní àkọsílẹ̀ ni?

Ó ní, ó sì ti pẹ́. Odindi Bíbélì jáde ní Gun ní 1923. Wikipedia Gungbe wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Enoch Aboh, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Amsterdam, ti kọ ìwé tó jinlẹ̀ lórí gírámà Gungbe tí àwọn onímọ̀ kárí ayé ń kà. Kódà ní 1741, ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Ouro Preto lónìí ní Brazil, António da Costa Peixoto kọ ìwé kékeré kan tó fi ń túmọ̀ èdè tí àwọn ẹrú tó ń wa góòlù níbẹ̀ ń sọ, ara ìdílé Gbè sì ni èdè náà. Àwọn ọmọ Jêje tó ń bọ vodun, ìyẹn òrìṣà àwọn ẹ̀yà Gbè, ní Bahia ní Brazil lónìí, orírun wọn nìyẹn.

Ìṣòro tó wà ni ti àkọtọ́. Ní Nàìjíríà, wọ́n ń kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá, pẹ̀lú àmì sábẹ́ ẹ àti ọ. Àkọtọ́ ìjọba Benin ń lo ɛ àti ɔ. Ogbè ni ohùn tàbí èdè; ogbẹ̀ ni ìyè. Àmì kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ ẹ ló ya èdè sọ́tọ̀ kúrò lára ìyè. Ọmọ Àjàṣẹ́ yóò kọ ìyè ní ogbɛ̀, ti Àgbádárìgì yóò kọ ọ́ ní ogbẹ̀, àwọn tó sì ń fi fóònù kọ ọ́ láìsí àmì kankan ń kọ méjèèjì bákan náà.

Kí ló kan ilé wíwó nínú ọ̀rọ̀ èdè?

Ìbéèrè yìí ń wáyé nítorí pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wó àdúgbò apẹja kan ní Èkó, àwọn Ògù máa ń sọ pé èdè àwọn ni wọ́n ń wó. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Èdè tí kò sí níléèwé, ilé àti àdúgbò nìkan ló kù tí ọmọ ti lè gbọ́ ọ.

Ní Oṣù Keje ọdún 2012, ìjọba Èkó wó apá kan Makoko, àdúgbò apẹja tó wà lórí ọ̀sà. Láàrin Oṣù Kọkànlá ọdún 2016 sí Oṣù Kẹrin ọdún 2017, wọ́n lé àwọn ará Otodo Gbame ní Lekki kúrò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Ògù apẹja. Amnesty International ní iye àwọn tí wọ́n lé lé ní 30,000. Ìjọba sọ pé ọ̀rọ̀ ààbò àti àyíká ni. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Èkó dájọ́ pé lílé wọn láì pèsè ibòmíràn fún wọn lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè. Nígbà yẹn, àwọn ẹbí ti fọ́n ká, ọmọ tó ń gbọ́ Ògù láti ẹnu ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ti wà nínú yàrá kan láàrin àwọn tí kò gbọ́ ọ.

Ta ló ń sọ kí ni báyìí?

Ìjọba àpapọ̀ dúró lórí èsì ìdánwò: Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìdánwò, ẹ jẹ́ kí ọmọ tètè mọ̀ ọ́n. Nàìjíríà ní èdè tó lé ní 500, wọ́n sì ní kò ṣeé ṣe kí ìjọba wá ìwé àti olùkọ́ fún gbogbo wọn.

Àwọn onímọ̀ èdè ta ko èyí gidigidi. Wọ́n ní ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìn-ín-ní lábẹ́ ìlànà 2022 kò tíì dé kíláàsì kẹfà, ká má tíì sọ WAEC, nítorí náà kò sí bí ìlànà náà ṣe lè fa ìjákulẹ̀ tí mínísítà ń sọ. Wọ́n ń tọ́ka sí ìwádìí tí Babs Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Mọdákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. UNESCO ti ń sọ láti 1953 pé èdè abínibí ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ.

Àwọn ẹgbẹ́ Ògù gba ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ wọ̀nyí, wọ́n wá fi ìbéèrè kan lé e: abínibí ta ni? Àwọn ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ yẹn, Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé. Wọ́n ní Ògù náà jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Èkó, àti pé Àgbádárìgì wà lára ìpín márùn-ún tí wọ́n fi dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n tún máa ń rán wa létí pé ìlú wọn ni ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì ti balẹ̀ ní 1842, àti pé ibẹ̀ ni Àjàyí Crowther kọ́kọ́ gbé ní 1845 kó tó kọjá sí Abẹ́òkúta láti máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lórí èdè Yorùbá lọ.

Láàrin Ògù fúnra wọn, ohùn kò ṣọ̀kan. Òbí kan á ní kí ọmọ òun mọ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ìwọ̀nyí ni yóò gbà á síṣẹ́ ní Èkó; Ògù kò níí bọ́ ọ. Ó ń ro ti oúnjẹ ọmọ rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fojú rénà án. Àwọn Yorùbá kan náà ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá fún èdè kọ̀ọ̀kan láyè ní Èkó, ìyẹn yóò gba ẹ̀yìn mú kí agbára Yorùbá dín kù níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń fún un lọ́rùn tẹ́lẹ̀.

Ṣé èdè náà ń kú lọ ni?

Ibi tí èèyàn bá dúró sí ló máa sọ. Ní Àjàṣẹ́, ó lágbára: òun ni èdè ọjà, òun ni wọ́n fi ń wàásù. Ní Àgbádárìgì, àwọn àgbà ń sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń bá ara wọn sọ, kódà nígbà tí gbogbo wọn jẹ́ Ògù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí kò bá tilẹ̀ kú láyé, ó lè kú ní Nàìjíríà.

Ta ló lè yí ohunkóhun padà?

Ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ló ń bójú tó iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ Èkó ju Abuja lọ. Àpẹẹrẹ kan sì wà nílẹ̀. Ní 1970, ọdún kan náà tí ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Kay Williamson, onímọ̀ èdè, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé kíkà fún àwọn èdè kéékèèké ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ìwé pẹlẹbẹ ni wọ́n, ó wà fún kíláàsì kìn-ín-ní sí ìkejì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè tí wọn kò tíì tẹ ìwé iléèwé fún rí. Àwọn ará abúlé tó ń sọ èdè náà ló bá wọn fẹnu kò lórí àkọtọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Fún Ògù, àkọtọ́ ti wà, olùkọ́wé wà, Bíbélì tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún wà lórí tábìlì nínú ilé. Ohun tó kù ni òfin 2018, tí àkọlé rẹ̀ dárúkọ Yorùbá nìkan. Bí wọ́n bá fẹ́ fi Ògù kún un fún àwọn iléèwé tó wà ní agbègbè Àgbádárìgì, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìkẹjà ni àtúnṣe náà ti máa bẹ̀rẹ̀, ilé kan náà tí wọ́n ti máa ń fi Yorùbá jíròrò ní Ọjọ́bọ̀.